Bí Ẹnjiníà Ẹ̀rọ Ṣe Lè Ríṣẹ́ Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Ọjà Tuntun Jáde

Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ẹ̀rọ ló ti kọ̀wé béèrè irú iṣẹ́ yìí títí ó fi sú wọn, tí ẹnikẹ́ni ò sì dá wọn lóhùn. Ìwé ẹ̀rí wọn dáa. Wọ́n mọ ìṣirò, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya ẹ̀rọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú CV pé àwọn mọ SolidWorks, wọ́n wá fi àwòrán aláràbarà kan kún un. Ẹni tó ń yẹ àwọn ìwé náà wò kò wá ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ǹjẹ́ ẹni yìí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan rí, tí nǹkan náà bàjẹ́, tó fi ìwọ̀n sí i, tó rídìí rẹ̀, tó sì tún un ṣe? Bí ìwé rẹ ò bá dáhùn ìbéèrè yẹn, kò ní ṣí ojú ewé kejì.

Mo ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń là sílẹ̀ fún àwọn àbúrò tó bá bi mí. Má fo ìkẹta. Òun ló ń gba àkókò jù, òun náà ló sì ń mú iṣẹ́ wá.

Ohun tí o máa nílò

- Ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà kan. FreeCAD jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Onshape náà ní ti ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló máa lè rí ohun tí o bá yà síbẹ̀. Bí o bá ti mọ SolidWorks, Creo tàbí NX tẹ́lẹ̀, èyí tí o mọ̀ náà ni kí o dì mú.
- Caliper kan tó ń ka ìwọ̀n dé 0.01 mm.
- 3D printer (ẹ̀rọ tó ń fi ike tẹ nǹkan jáde ní ìpele ìpele), yálà tìrẹ tàbí ti ẹni tí wàá máa sanwó fún.
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti bíróò. Fóònù ò lè rọ́pò rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ máa ya nǹkan kíákíá nígbà tí èrò bá ṣì gbóná.
- Ohun èlò kan tó ti bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò ní bínú bí o bá tú u, àti screwdriver tó bá a mu.
- Nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wákàtí méjì méjì lálaalẹ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Mọ orúkọ tí iṣẹ́ náà ń jẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà kí wọ́n tó gbéra rárá. Bí o bá wá “Product Designer” lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa jáde ni iṣẹ́ àwọn tó ń ṣètò ojú áàpù àti ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù. Kò kan irin, kò kan ike. Àwọn orúkọ tí o ń wá nìwọ̀nyí: Mechanical Design Engineer, Product Design Engineer, Product Development Engineer, R&D Engineer, Hardware Engineer, NPI Engineer (ẹni tó ń mú ọjà tuntun wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti máa ṣe é), Test Engineer, Tooling Engineer.

Lẹ́yìn orúkọ, mọ ibi tí o fẹ́ dúró sí lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ayárabíàṣá àti irú wọn máa ń pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta lẹ́yìn tí èrò bá ti dúró. EVT (Engineering Validation Test) ló kọ́kọ́ ń wá: ṣé nǹkan náà ń ṣiṣẹ́? Lẹ́yìn rẹ̀ ni DVT (Design Validation Test): ṣé bí a ṣe yà á yìí lè la gbogbo ìdánwò já? PVT (Production Validation Test) ló kẹ́yìn: ṣé àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ lè ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n máa lò gan-an, láì dúró? Bí o bá fẹ́ràn kí ìwé òfìfo wà níwájú rẹ, kí EVT tó dé ni ipò tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ wíwá ohun tó máa bàjẹ́ ló ń mú inú rẹ dùn, DVT àti iṣẹ́ ìdánwò ló tọ́ sí ọ. Bí ariwo ilé iṣẹ́ ò bá bà ọ́ lẹ́rù, lọ fún NPI.

Lójú tèmi, ẹnu ọ̀nà NPI àti ti ìdánwò ló fẹ̀ jù fún ẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí, torí kò sí ẹni tó ń sáré síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fojú ara rẹ̀ rí bí nǹkan ṣe ń kọ̀ láti wọlé síra nílé iṣẹ́, àwòrán rẹ̀ kì í rí bákan náà mọ́ láéláé.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Kó ìkéde iṣẹ́ 20 jọ, fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń jẹ yọ léraléra. Bí o bá lè dárúkọ oríṣi iṣẹ́ méjì pàtó àti ohun márùn-ún tí gbogbo wọn ń béèrè, ó ti yanjú. Bó bá jẹ́ Figma, ètò tí wọ́n fi ń ya ojú áàpù, lo ń rí káàkiri, ọ̀nà mìíràn lo gbà yẹn, padà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 2: Tú ohun kan palẹ̀, kí o sì kà á bí ẹni ka ìwé

Mú ìbòrí ike kan, dà á dojú dé, gbé e sábẹ́ iná. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí etí rẹ̀ po ni ibi tí apá méjèèjì mould (irin tí wọ́n ń da ike yíyọ́ sí kó lè gba ìrísí rẹ̀) ti pàdé. Àmì róbótó-róbótó tí o ń rí nínú rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pá ejector ti tì í jáde. Ibi kékeré tó rí bí àpá, tí wọ́n gé nǹkan kúrò lára rẹ̀, ni gate, ẹnu ọ̀nà tí ike yíyọ́ gbà wọlé. Wá lẹ́tà kéékèèké bíi >ABS< tàbí >PP< nínú ẹ̀yìn rẹ̀; irú ike tó jẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Wá fi ìka ra ojú ìta rẹ̀. Bí o bá kan ibi tó jin wọnú díẹ̀, yí i padà, ó ṣeé ṣe kí o bá rib (ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró sára ògiri láti gbé e ró) tó nípọn jù lẹ́yìn ibẹ̀ gan-an. Ibi tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó tutù. Bó ṣe ń tutù ló ń súnkì, bó sì ṣe ń súnkì ló ń fa ojú ìta wọlé mọ́ra. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi í jẹ́ kí rib nípọn ju nǹkan bí ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ògiri tó dúró lé. Fi caliper wọn ògiri fúnra rẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 1 mm sí 3 mm. Wàá tún rí i pé ògiri náà ò dúró ṣánṣán. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní nǹkan bí degree 1 tàbí 2, kó lè bọ́ nínú mould láì ha.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* Wọ́n á to gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò tó dáa, wọ́n á kọ orúkọ sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkàyé lásán nìyẹn. Kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan: bí wọ́n ṣe ṣe é, ìdí tí wọ́n fi gba ọ̀nà yẹn tí wọn ò gba òmíràn, ohun tí ìwọ ì bá yí padà, àti ohun tí ìyípadà náà máa gbà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Gbé e fún ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà, kó máa bi ọ́ ní “kí ló dé”. Kí ló dé tí ibí fi ní screw mẹ́rin, tí ọ̀hún fi jẹ́ clip, ìkọ́ ike tó ń tẹ̀ kó lè há? Kí ló dé tí èyí fi jẹ́ irin? Bí o bá lè dáhùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì wo ìwé, tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ṣe ohun kan dé òpin

Yan nǹkan kékeré tó ní ẹ̀yà mẹ́ta sí mẹ́fà, tí ọ̀kan nínú wọn ń rìn, tí ọ̀kan ń há tàbí ń tì. Kó jẹ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ nílò. Jọ̀ọ́, má ṣe drone, má ṣe robot, má ṣe ọkọ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn kì í parí rẹ̀, ohun tí kò bá sì parí kò ní ìtàn kankan láti sọ.

Kí o tó ya ohunkóhun, *kọ ohun tó gbọ́dọ̀ lè ṣe, kí o sì fi iye sí i.* “Ó gbọ́dọ̀ lágbára” kò tíì jẹ́ nǹkan kan. “Bó bá ṣubú láti òkè 1 m sórí kọnkéré lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ṣí”: ìyẹn ṣeé dán wò. Bí o bá ní omi ò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀, sọ irú omi wo àti fún ìgbà wo. IP67 inú ìlànà IEC 60529, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé a lè rì í sínú omi tó jìn tó 1 m fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn ìyẹn, *ṣírò kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde.* Jẹ́ kí n fi clip kan tí èmi fúnra mi bàjẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Apá rẹ̀ gùn ní 10 mm, ó nípọn ní 2 mm, ìkọ́ orí rẹ̀ yọ síta ní 1 mm. Mo fi PLA, irú ike kan tí 3D printer ń lò, tẹ̀ ẹ́, mo ṣí i, mo pa á dé, ó sì kán nígbà kẹta. Ká ní mo ti ṣírò ni, ǹ bá ti mọ̀. Bí ike ṣe máa nà tó ní ìdí apá náà ni 1.5, lọ́nà bó ṣe nípọn tó, lọ́nà bó ṣe máa tẹ̀ tó, ká wá fi gígùn lọ́nà ara rẹ̀ pín in:

1.5 × 2 × 1 ÷ (10 × 10) = 0.03

Ìyẹn ni 3%, ó sì ti pọ̀ jù fún PLA tí a óò máa ṣí lójoojúmọ́. Mo sọ gígùn di 15 mm:

1.5 × 2 × 1 ÷ (15 × 15) = 0.013

1.3% ló kù. Mílímítà márùn-ún péré ni mo fi kún un, ìnira tó ń bá ìdí apá náà sì dín ju ìdajì lọ. Síbẹ̀ èkejì náà tún kán! Ìgbà tí mo wo ojú ibi tó ti kán ni mo rí i pé ó tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ìgbà tí búrẹ́dì tí a gé ya kúrò lára ara wọn. Mo ti jẹ́ kí printer tẹ̀ ẹ́ lóòró, àwọn ìpele ike sì dá apá náà ní ìbú, kò sí ohun tó dì wọ́n mú dáadáa láàárín ara wọn. Mo dá a dùbúlẹ̀, àwọn ìpele náà wá ń bá gígùn apá lọ. Ìkẹta yẹn ni mo ṣí tí mo sì pa dé nígbà 200, tí mo ń fa ìlà sínú ìwé bí mo ṣe ń kà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nínú àpótí mi. Wọ́n ti bá mi ṣiṣẹ́ lójú àwọn olùfọ̀rọ̀wáni ju ìwé ẹ̀rí mi lọ.

Ìkẹta, *ronú nípa bí àṣìṣe kéékèèké ṣe ń gun ara wọn.* Kò sí ẹ̀yà kankan tó ń jáde ní ìwọ̀n tí o kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹ̀yà márùn-ún bá tò lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi 0.1 mm ju ìwọ̀n rẹ̀ tàbí kó fi dín, bí gbogbo wọn bá ṣìṣe sí apá kan náà, wàá fi 0.5 mm kùnà. Ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á tóbi, ẹlòmíràn á kéré. Bí o bá fi ọ̀nà RSS (ká sọ àṣìṣe kọ̀ọ̀kan di lọ́nà ara rẹ̀, ká rò wọ́n pọ̀, ká wá gbòǹgbò rẹ̀) ṣírò rẹ̀, 0.1 lọ́nà gbòǹgbò 5, nǹkan bí 0.22 mm ni. Ní báyìí, bí àlàfo tí o fi sílẹ̀ bá jẹ́ 0.3 mm, ṣé ó tó? Ní ìṣirò àkọ́kọ́, kò tó. Ní èkejì, ó tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èwo lo máa tẹ̀ lé, kí sì nìdí? Bó bá jẹ́ ohun tó lè pa ènìyàn lára ni, mi ò ní gbé e lé èkejì. Kọ ìdáhùn tìrẹ sílẹ̀, wọ́n máa bi ọ́.

Ìkẹrin, *ya àwòrán iṣẹ́ orí ìwé*, pẹ̀lú datum (ojú tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n) àti tolerance (bí ìwọ̀n ṣe lè fi jù tàbí dín tó). ASME Y14.5 ni kí o tẹ̀ lé tàbí ìlànà ISO GPS, má da méjèèjì pọ̀ lójú àwòrán kan. Ibí yìí náà ni wọ́n ti máa ń dá ẹni tí kò sanwó fún ẹ̀yà rí mọ̀: á kọ ±0.01 mm sí gbogbo ibi. Ibi tí nǹkan ti ń bá nǹkan wọ̀ nìkan ni kí o ti le, kí o dẹ ọwọ́ níbi tó kù.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Ó kéré tán, o gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà mẹ́ta nílẹ̀, kí o sì lè sọ gbólóhùn kan nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ohun tó bàjẹ́, ohun tí mo wọ̀n, ohun tí mo yí padà. Lẹ́yìn náà, fún ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ ní àwòrán orí ìwé nìkan, láì fi ti kọ̀ǹpútà kún un. Bó bá padà wá béèrè ìwọ̀n kan lọ́wọ́ rẹ, àwòrán náà ò tíì pé.

Ìgbésẹ̀ 4: Kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ jọ sínú PDF kan

Iṣẹ́ mẹ́ta tó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má sì ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Kí fáìlì náà má ju 10 MB lọ, kó lè gba inú ímeèlì kọjá. Fọ́tò ohun náà gan-an, lọ́wọ́ ènìyàn, ni kó wà lójú ewé àkọ́kọ́. Àwòrán dídán orí kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé e bó bá wù ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fi àwọn tó kán hàn. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn láti ṣe èyí, wọ́n rò pé àbùkù ni. Lójú ẹni tó ti ṣe ọjà jáde rí, ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á dáadáa.

*Ṣọ́ra fún nǹkan méjì.* Àkọ́kọ́, má ṣe fi àwòrán ilé iṣẹ́ tí o ti kúrò síbẹ̀, bó ti wù kó dáa tó. Ẹni tó bá rí i máa rò ó pé bí o ṣe tú àṣírí tọ̀hún lo ṣe máa tú tòun. Sọ iṣẹ́ tí o ṣe lẹ́nu, láì fi ìrísí rẹ̀ tàbí iye kankan hàn. Èkejì, bí ẹ bá jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ kan, sọ èyí tó jẹ́ tìrẹ. “A ṣe é” ò tó.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Fi han ẹnìkan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, gbà á padà, kí o wá bi í pé kí lo ṣe. Bó bá ní “ó lẹ́wà”, tún un ṣe. Bó bá ní “clip rẹ kán, o sì mú kó gùn sí i”, ó ti dé ibi tó yẹ.

Ìgbésẹ̀ 5: CV

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ojú ewé kan ni. Yọ “mo jẹ́ aláápọn ènìyàn” kúrò. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tí o ṣe, ọ̀nà tí o gbà, àti iye tó yí padà. Má kọ “mo mọ SolidWorks dáadáa”. Kọ “mo ya ìbòrí tó ní ẹ̀yà mẹ́rin ní SolidWorks, mo dín screw rẹ̀ láti mẹ́fà sí méjì, mo sì dán an wò nípa jíjù sílẹ̀ láti 1 m”. Fi ìlínkì PDF rẹ sí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ. Bí ẹni tó kà á bá lè tọ́ka sí iye mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti tó.

Ìgbésẹ̀ 6: Wá a lọ síbi tí èrò ò pọ̀ sí

Gbogbo ayé ló ń kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà lára fóònù. Wo ẹ̀yìn wọn. Àwọn wo ló ń ṣe mould fún wọn? Àwọn wo ló ń dán ọjà wò? Àwọn wo ló ń ṣe irinṣẹ́ oníṣègùn, irinṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ oko, àpótí ike fún ẹ̀rọ mìíràn? Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń bá àwọn ẹlòmíràn ya ọjà náà wà, oríṣiríṣi nǹkan lo sì máa fọwọ́ kàn níbẹ̀ láàárín ọdún kan.

Kọ̀wé sí ẹnjiníà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ nìkan. Má tọrọ iṣẹ́ nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Béèrè nípa ìpinnu kan tí wọ́n ṣe, tí o rí nígbà tí o tú ọjà wọn:

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo tú ẹ̀rọ yín palẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì rí i pé clip ni ẹ lò sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, àmọ́ screw ni ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ tí bátìrì wà. Ṣé torí àtúnṣe ni, àbí torí kó má baà ṣí bó bá ṣubú? Mo ń ṣe irú rẹ̀ kékeré kan lọ́wọ́, ìdáhùn yín máa ràn mí lọ́wọ́ gan-an.”

Ẹni tó ya nǹkan yẹn lè ti máa retí láti ọjọ́ yìí pé kí ẹnìkan ṣàkíyèsí rẹ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Kọ gbogbo lẹ́tà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó lọ àti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Bí lẹ́tà 20 bá lọ láì sí èsì kankan, ìgbésẹ̀ 4 tàbí 5 ni àléébù wà. Bí wọ́n bá ń pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọn ò gbà ọ́, ìgbésẹ̀ 7 ni. Má tún CV tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Wọ́n lè gbé nǹkan kan lé ọ lọ́wọ́ kí wọ́n ní, “Báwo ni wọ́n ṣe ṣe èyí?” Bí o bá ṣe ìgbésẹ̀ 2 dáadáa, ọwọ́ rẹ á ti máa yí i padà wá ìlà mould kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọ́n tún máa ń ya ọ̀pá kan tí ìdí rẹ̀ wà nínú ògiri, tí ẹrù wà lórí rẹ̀, wọ́n á ní báwo lo ṣe máa dín bó ṣe ń tẹ̀ kù. Rántí pé bí o bá sọ bó ṣe nípọn tó di ìlọ́po méjì, yóò le sí i ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí o bá sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì lábẹ́ ẹrù kan náà, yóò tẹ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré sọ pé “ẹ jẹ́ ká lo irin tó le jù”. Yíyí ìrísí padà sábà máa ń rọrùn ju yíyí irin padà lọ, ohun tí wọ́n sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Olùfọ̀rọ̀wáni ò rí inú rẹ. Rò ó síta: ohun tí o gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, ohun tí o fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí o kò bá mọ̀, sọ bí o ṣe máa mọ̀: “Màá gé e sí méjì, màá wọn ògiri rẹ̀ níbi mẹ́ta.” Kí o sì mú àwọn tó kán dání, kí o gbé wọn lé tábìlì.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ níbi tí o ti ń sọ ìtàn iṣẹ́ kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Gbọ́ ọ. Bí ohun tó bàjẹ́ ò bá tíì jáde lẹ́nu rẹ nígbà tí ìṣẹ́jú méjì bá pé, o ti pẹ́ jù.

Ìgbésẹ̀ 8: Kí o tó fọwọ́ síwèé

Béèrè pé: ọjà wo lẹ ti gbé jáde tó ti dé ọwọ́ àwọn tó rà á? Ta ló ń ṣe prototype, ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ fi ń dán nǹkan wò? Ṣé ẹnjiníà máa ń lọ sílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é? Níbi tí àwòrán kì í ti í kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ọdún méjì lè kọjá kí o má rí ẹ̀yà kan ṣoṣo dì mú.

Wá ka ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ nípa ohun tí o bá hùmọ̀. Ìwé mìíràn wà tó ń sọ pé ohun gbogbo tí o bá ṣe, kódà nílé rẹ, lálẹ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ tìrẹ, tiwọn ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, béèrè kí wọ́n tún un kọ kí o tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí o bá ti fọwọ́ sí i, ó ti bọ́. Bí ìwé náà bá ní àyè fún iṣẹ́ tí o ti ní nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́. Clip kékeré yẹn náà, kọ ọ́ síbẹ̀.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìdáhùn wọn sí ìbéèrè wọ̀nyí ti wà nínú ímeèlì, kì í ṣe lẹ́nu lásán, ẹ̀dà ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí sì wà lọ́wọ́ rẹ.